Ìbínú Ọjọ́ Jímọ̀

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé Peckham ni wọ́n na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní mẹ́rin sí òdo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa jáde, ó ń fi kànìnkànìn nu ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń kọrin. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ó. Mo rò pé bóyá kò tíì gbọ́ ni. Ní Ìwó tí mo ti wá, bí irú ọjọ́ yẹn bá dé, ọkùnrin tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa á ti àga sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, bàbá mi á sì kọ oúnjẹ alẹ́. London níbí gan-an ni pápá ẹgbẹ́ náà wà, bọ́ọ̀sì méjì àti rélùwéè kan sí ilé tí mò ń gbé, síbẹ̀ ìlú ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, ó ju òtútù lọ. Ní ti òtútù, wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀.

N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá ń ṣe é ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá sì ń ṣe é á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ yẹ̀yẹ́ tí mo ti gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ti tó mi. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oníròyìn eré ìdárayá ni. Ata Wẹ́wẹ́ ló ń pe ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an nínú àwa tó ń kà á. Láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ti ń kọ ojú ewé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Yorùbá kan; nígbà tó yá, ó gbé e lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi ata sójú àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lọ. Kò sí ẹgbẹ́ tí kì í bá jà, ṣùgbọ́n tiwa ló fẹ́ràn jù. Òun ló kọ ọ́ pé gólì wa, bí èèyàn bá ju ìkíni sí i, kò ní lè mú un. Òun ló ní ẹgbẹ́ wa dà bí ọkùnrin tó ń ra bàtà ìgbéyàwó lọ́dọọdún, tí kò tíì rí ẹni tó máa fẹ́. Bí a bá jáwé olúborí, á ní àwọn tó bá wa gbá a ló ṣàánú wa. Bí a bá fìdí rẹmi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó bí àwọn èèyàn nínú débi pé ọkùnrin onílé ìwòran bọ́ọ̀lù wa lẹ ìwé mọ́ ògiri nígbà kan pé wọn kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Ata Wẹ́wẹ́ níbẹ̀ mọ́, ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ á ra omi tútù fún gbogbo ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ká òun alára mọ́ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, ó ń ka Ata Wẹ́wẹ́, ó ń dá bú èèyàn. Òun ló ra omi.

Bàbá mi ní tirẹ̀ kórìíra ọkùnrin náà tọkàntọkàn, kò sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má gbọ́ ohun tó kọ. Dírẹ́bà ìjọba ìbílẹ̀ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu dírẹ́bà ló sì ní títí dòní. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe é kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, irú àìsàn ojú tí kì í dunni, tó kàn ń ti fèrèsé pa lọ́kọ̀ọ̀kan títí inú ilé á fi ṣókùnkùn. Èmi ni mo máa ń ka Ata Wẹ́wẹ́ fún un lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Bí mo bá dé ibi tó dùn ún, á ní, "Tún ibẹ̀ kà." Màá tún un kà. Á máa bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó jókòó sáàárín wa, á bi í ní ìbéèrè, á dá ara rẹ̀ lóhùn, á bú u. Tó bá ṣe tán, ara rẹ̀ á ti yá gágá, á ní kí n bu omi wá.

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò nílé, gbogbo èèyàn ló ṣàdúrà fún mi. Bàbá mi ṣe tirẹ̀ tán, ó wá bi mí pé ta ni yóò máa ka ìwé ọlọ́ràn yẹn fún òun. Mo ní fóònù wà. Ó ní ó dáa.

*

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ní apá Walworth ni mo ti ríṣẹ́. Wọ́n ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké àti ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá fẹ̀ jù, ọwọ́ èèyàn méjì ló ń ká a. Ẹ ó dúró kọjú síra yín, ẹnì kọ̀ọ̀kan á di etí méjì mú, ẹ ó gbọ̀n ọ́n, ẹ ó nà án, ẹ ó rìn pàdé ara yín, ẹnì kan á gba etí tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, ẹ ó tún padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni láti aago méje àárọ̀. Ẹni tí wọ́n bá so ọ́ pọ̀ mọ́ níbẹ̀, wàá mọ ojú rẹ̀ ju ojú ẹni tí ẹ jọ ń gbé lọ.

Bàbá kan láti Ìbàdàn ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó dá irùngbọ̀n funfun sí. Ó máa ń gba etí aṣọ lọ́wọ́ mi láìjẹ́ kí ìka wa kan ara wọn, aṣọ kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá, mo ní Ìwó. Láti ọjọ́ náà, Ọmọ Ìwó ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé, "Rídwán, your food is in the oven," mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Rídwán. Oṣù mẹ́jọ la fi jọ ká aṣọ, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ló máa wo ojú àgbàlagbà kó ní kí lorúkọ yín? Súpáfáìsọ̀ wa, obìnrin ará Kòlóńbíà kan tó ń gbé ní àdúgbò Elephant, gbọ́ tí mò ń pè é ní Bàbá, òun náà sì ń pè é ní Mister Baba.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá Rídwán á lọ kírun ní Old Kent Road, á sáré padà wá, a ó sì sinmi láti aago méjì ààbọ̀ sí aago mẹ́ta. Bàbá mi náà á ti ti mọ́ṣáláṣí dé ní Ìwó. Màá dojú apẹ̀rẹ̀ aṣọ kan dé, màá jókòó lé e, màá pè é, màá sì ka Ata Wẹ́wẹ́ fún un. Bàbá Rídwán á wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá, á máa jẹ ìrẹsì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí mo bá pa fóònù tán, á ní, "Kí ni Bàbá sọ?" Màá rò ó fún un, màá fi tèmi lé e. Mo pe Ata Wẹ́wẹ́ ní ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé. Mo pè é ní aláìníṣẹ́. Mo ní ó dájú pé ìyàwó rẹ̀ ló ń nà án nílé tó fi ń gbé ìbínú wá sórí bọ́ọ̀lù. Bàbá Rídwán máa ń fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sọ ti ìyàwó, ẹ̀rín pa á débi tí ìrẹsì fi pá a lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi kò mọ̀. Bí èèyàn bá ti gbà pé àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan ni ẹni tó wà níwájú òun, ó tán, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀kejì mọ́.

Ọjọ́ kan wà tí bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ Ata Wẹ́wẹ́ bá òun sọ fún un pé kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, àgolo wàrà nìkan ló gbá. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Rídwán bí a ti ń ká aṣọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ata Wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé: "Àwọn kan ní àgolo wàrà nìkan ni mo gbá rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgolo tèmi máa ń wọlé." N kò tíì ka gbólóhùn náà tán tí bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Ó ké sí gbogbo ilé, ó ní ṣé wọ́n rí i, ọkùnrin yẹn ti gbọ́ òun. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ohun kan náà ni gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń sọ kiri. Ó ní kí n dákẹ́, kí n tún ibẹ̀ kà.

*

N kò ní purọ́, ìdajì wákàtí yẹn ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀ kan débi òmíràn. Peckham kún fún Yorùbá. Ní Rye Lane, èèyàn lè ra ẹ̀gúsí, kó ná an, kí wọ́n bú u, kí wọ́n tún bẹ̀ ẹ́, láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa gbọ́ èdè rẹ̀ lójú títì yàtọ̀ sí kí ẹnì kan máa retí rẹ̀. Nínú fúláàtì tí mo ti gba yàrá, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà, oṣù méjì sì kọjá kí n tó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ìkẹta. Èèyàn á jí, á gbọ́ tí wọ́n ń fọ abọ́, tó bá fi máa jáde, abọ́ nìkan ló máa bá níbẹ̀.

Nígbà òtútù àkọ́kọ́, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Màá gun òkè bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, màá máa tún Ata Wẹ́wẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yẹn kà, màá máa bínú, ara mi á sì máa móoru. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dàbí ẹni pé tí èèyàn bá ṣì ní ẹnì kan tó lè bínú sí nílé, kò tíì kúrò nílé tán. Ní ìlú yìí, n kò mọ ẹnikẹ́ni dé ibi tí mo lè bínú sí i.

Mo ní ayọ̀ kéékèèké tèmi. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá ẹnì kan jà lórí fóònù nítorí council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, mo sì borí. Súpáfáìsọ̀ sọ lójú gbogbo wa pé kò sí ẹni méjì tó mọ aṣọ ká bí èmi àti Mister Baba. Mo máa ń rò wọ́n fún bàbá mi ní ṣókí, á ní Alhamdulillah, kò sì ní bi mí ní nǹkan mìíràn nípa wọn. Ó máa ń dùn mí díẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló jẹ ẹ́ lógún jù mí lọ.

*

Ó wá di ìparí sáà bọ́ọ̀lù. A ti wà lókè tábìlì fún oṣù mẹ́ta, a wá já bọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo pe bàbá mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ràn kí àwa méjèèjì jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣe "hẹn-ẹn, hẹn-ẹn" bí mo ti ń kà á. Mo dé ìparí rẹ̀:

"Ẹ̀yin àgbààgbà inú wọn, tí ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ má dúró de ife-ẹ̀yẹ yìí mọ́. Ojú yín kò ní rí i."

Ẹnu mi ti sọ ọ́ tán kí ọkàn mi tó gbọ́ ọ. Mo dúró kó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo dúró de èébú. Bàbá mi wá ní, "Òótọ́ ló sọ." Ó ní kí n kú iṣẹ́, kí n máa wọ aṣọ tó nípọn, ó sì pa fóònù.

A padà sídìí aṣọ. Bàbá Rídwán di etí méjì mú, mo di etí méjì mú. Ó bi mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ pé kí ni Bàbá sọ, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń retí. N kò tíì sọ fún un rí pé bàbá mi kò ríran. A kì í gbé àìsàn òbí ẹni káàkiri. Ó rò pé bàbá kan tó fẹ́ràn kí ọmọ rẹ̀ máa kàwé fún òun ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́.

"Bàbá mi ti fọ́jú, sà. Ẹni tó kọ nǹkan yìí sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò ní rí i. Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ tiẹ̀ lè ka ohunkóhun tó bá kọ, títí láé."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Rídwán. Ó ní, "A ó tún un fọ̀," ó ṣà á jọ, ó gbé e lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ata Wẹ́wẹ́ kò jáde. Mo ní bóyá ó lọ sinmi. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò jáde. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà. Mo ṣì ń pe bàbá mi. Á bi mí bóyá ara mi le, á bi mí bóyá ó tutù, á ní ó dáa, á dákẹ́, èmi náà á dákẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí fóònù á ti pa. Mo pe Múfú, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní kí ló ń ṣe bàbá. Ó ní ó ń jẹun, ó ń kírun, ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí bí àwọn àgbà ṣe ń kúrò láyé díẹ̀díẹ̀ tí wọn kò bá bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, mo sì wà níhìn-ín, mò ń ká aṣọ ibùsùn àwọn ẹlòmíràn.

Bàbá Rídwán kò sì bi mí mọ́ pé kí ni Bàbá sọ. Mo rò pé èpè tí mo ṣẹ́ ni kò bá a lára mu, nítorí ẹlẹ́sìn ni. Mo ní kó má bínú pé ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Ó ní kò sí nǹkan.

*

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí àsálátù ní gbọ̀ngàn kan ní Peckham. Lẹ́yìn àdúrà, ìyá kan tó ń pín ìrẹsì fún àwa obìnrin jókòó tì mí, ó ń sinmi ẹsẹ̀. Ìyá Rídwán ni wọ́n ń pè é. N kò fi ìyẹn pe nǹkan kan, Rídwán pọ̀ ní Peckham ju bọ́ọ̀sì lọ. Ó rí mi bí ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ọkọ rẹ̀ fún mi.

"Every Thursday, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kitchen ló ń jókòó sí, á máa kọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, á máa dá rẹ́rìn-ín. Ó máa ń bí mi nínú nígbà yẹn. Now ó kàn ń jókòó ni, kò kọ nǹkan kan. Ó ní ọmọ Ìwó kan níbi iṣẹ́ ṣépè fún òun. Ó ní òun bú ojú bàbá tí ò ríran, òun ò mọ̀. Èpè yẹn gan-an, ó ti ń jà tipẹ́. Rídwán ò lè ka Yorùbá. Not one line. Gbogbo nǹkan tí daddy rẹ̀ ti kọ, bí àwòrán ló ṣe ń wò ó."

Gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn yí padà lójú mi. Gbogbo èébú tí mo bú, ojú ẹni tó ni ín ni mo ti bú u. Obìnrin tí mo ní ó ń na ọkọ rẹ̀ ló jókòó tì mí yìí, ó ń pọ́n mi lé.

Ó wá bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, ìlú wo lo ti wá?"

Mo lè sọ pé Òṣogbo. Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Mo ní, "Ìwó ni, mà. Èmi ni."

Ìyá Rídwán wò mí títí. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí kúlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ẹran méjì kún èyí tó wà nínú abọ́ mi. "Jẹun ná," ló wí. "Ebi kì í jẹ́ kéèyàn mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí a tó gbé aṣọ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ fún Bàbá Rídwán sáàárín ẹ̀rọ méjì. Súpáfáìsọ̀ rò pé òòyì ló kọ́ mi, ó sáré gbé omi àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wá. Bàbá Rídwán ní, "No, no, she is only greeting me," obìnrin náà sì dúró tòun ti omi lọ́wọ́, ó ń wo bí a ṣe ń kíra wa.

Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ yẹn tutù. N kò dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ fún èpè, mo bẹ̀ ẹ́ fún èébú oṣù mẹ́jọ, mo bẹ̀ ẹ́ fún ti ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Ó ní, "Àwọn èébú yẹn kọ́, Ọmọ Ìwó. Èébú yín ni mo fi ń jí lọ́jọ́ Friday. Mo dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí, Mister Baba tó ń ká aṣọ ni mí. Tí ìwọ àti Bàbá bá ti ń bú mi, mo mọ̀ pé mo ṣì wà. Àmọ́ mi ò mọ̀ pé ojú ń dun ẹni tí mò ń ta ata sí lójú."

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún máa kọ, pé bàbá mi kò ní nǹkan kan láti bínú sí mọ́, àtipé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ó ní òun kò lè bá ọkùnrin yẹn ṣe àwàdà mọ́ láìkọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá mo lè fún òun ní Bàbá lórí fóònù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní, "Bàbá, ẹnì kan fẹ́ kí yín. Òun ni Ata Wẹ́wẹ́." Mo sì gbé fóònù lé Bàbá Rídwán lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹ̀ ba bí ẹni pé bàbá mi rí i. Ó bẹ̀bẹ̀, kò fi ibì kan sílẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ dópin. Ó ní òun ti dárí jì í, kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa. Ó ní ó wá ku ọ̀rọ̀ gólì.

Ìjà tí wọ́n jà lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìdajì wákàtí wa ló gbà. Bàbá mi ti to gbogbo ẹ̀sùn náà sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń fà wọ́n yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Rídwán ń jà padà, ó ń fi ọwọ́ gún afẹ́fẹ́, òógùn bò ó. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ pé ife-ẹ̀yẹ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ojú gbé, pé ọwọ́ méjèèjì òun ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìsinmi parí, Bàbá Rídwán ní òun á máa pè é fúnra òun lọ́jọ́ Jímọ̀, òun á máa ka ohun tí òun bá kọ fún un, kó fi ṣe ìtanràn òun. Bàbá mi kọ̀ kíákíá. Ó ní iṣẹ́ ọmọ òun nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kejì, Ata Wẹ́wẹ́ jáde. Mo dojú apẹ̀rẹ̀ dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

"Mo gbọ́ pé bàbá kan wà ní Ìwó tó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gba ife-ẹ̀yẹ wọn. Bàbá, ẹ máa fọ ọwọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ náà á ti gbẹ tán kí wọ́n tó gbé e dé."

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé ibi ọwọ́ tó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Múfú lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe èyí tí mo kà fún yín láná náà nìyí?"

Mo ní, "Láná?"

Múfú kò mọ̀ pé àṣírí ni. Ó ní láti ìgbà tí mo ti lọ ni òun ti ń kà á fún bàbá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, bó bá ti jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun fo ìparí rẹ̀, nítorí pé kò dára létí. Bàbá mi ní kó lọ wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí bàbá mi wá sọ̀rọ̀, kò fi ẹnu dírẹ́bà sọ ọ́.

"Ọmọ tó wà lókè òkun, kí ni bàbá rẹ̀ máa bi í? Tí mo bá ní báwo ni iṣẹ́, á dà bí ẹni pé mò ń tọrọ owó. Tí mo bá ní ìgbà wo lò ń bọ̀, wàá lọ máa ronú. Ṣùgbọ́n mo lè bínú sí ọkùnrin yìí fún ìdajì wákàtí, wàá sì wà níbẹ̀."

Bàbá Rídwán ti dẹ́kun oúnjẹ, ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fi etí aṣọ kan nu ojú mi, aṣọ tó mọ́, tí a ó tún fọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ bi mí."

Ó ní kí ni kí òun bi mí. Mo ní ohunkóhun tó bá ti wà ní ọkàn rẹ̀.

Ó ní, "Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?"

Mo ní n kò tíì mọ̀. Ó ní kò burú, pé òun kàn fẹ́ bi mí ni.